Kí Ló Ń Darí Fáànù A.C. Ọkọ̀? Àgbéyẹ̀wò Àwọn Ìdáhùn Tó Wà Nílẹ̀

Láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn bá mú ganrínganrín lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ìlárá-Mọ̀kín, bọ́tìnì fáànù A.C. wà lára ohun tí awakọ̀ kọ́kọ́ ń fọwọ́ kàn ní kété tó bá ti ṣáná sí ọkọ̀. Nígbà òjò, tí èémí àwọn èrò inú ọkọ̀ bá bo gíláàsì iwájú, tí awakọ̀ kò rí ọ̀nà Oǹdó dáadáa mọ́, bọ́tìnì yẹn kan náà ló tún ń wá. Kékeré ni bọ́tìnì náà, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbòòrò. Ọgbọ́n wo ni ọkọ̀ ń dá tí fáànù kan ṣoṣo fi ń fẹ́ jẹ́jẹ́ nígbà kan, tó sì ń fẹ́ kíkankíkan nígbà mìíràn? Nínú àwọn ọgbọ́n náà, èwo ló yẹ ọkọ̀ tó ń rìn nílùú wa?

Ìlárá-Mọ̀kín lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ìlú náà ni Olóyè Michael Ade Ojo, tó dá ilé-iṣẹ́ Elizade sílẹ̀ ní 1971, ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ àti ti Toyota kò ṣeé yà nípa ní Nàìjíríà. Ìlú náà ni Elizade University wà, èyí tó gba ìwé àṣẹ ní 2012, tó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, FUTA, tí a dá sílẹ̀ ní 1981, kò jìnnà síbẹ̀, ní Àkúrẹ́. Lẹ́bàá àwọn ilé ẹ̀kọ́ yìí ni àwọn rewáyà àti àwọn oníṣẹ́ A.C. wà, tí wọ́n ń tú dáṣíbọ́ọ̀dù palẹ̀ lójoojúmọ́ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ṣe ní ìdáhùn tiwọn ni àwọn tó ń tún un ṣe ní tiwọn. Àgbéyẹ̀wò yìí yóò pín àwọn ìdáhùn náà sí ẹgbẹ́ mẹ́rin, yóò tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi òṣùwọ̀n kan náà wọn gbogbo wọn.

Ohun tí gbogbo wọn gbà

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni fáànù A.C. máa ń wà, ní ẹ̀gbẹ́ ẹni tó jókòó ti awakọ̀. Fáànù roboto oníabẹ́ wẹ́wẹ́ ni. Ẹ̀rọ iná kékeré kan ló ń yí i, tó ń lo iná fóòtì 12 láti inú bátìrì àti ọ́tánétọ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá fà wọlé ló ń tì gba orí kọ́ìlì tútù kọjá kó tó dé ara èrò. Nínú ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀ jù, òòfà wà lára ìgbátí rẹ̀, kábọ̀nù méjì sì ń gbé iná fún apá tó ń yí. Fóòtì tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ náà ló ń sọ eré tí yóò sá: bí fóòtì bá pọ̀, eré á pọ̀, bí fóòtì bá dínkù, eré á dínkù.

Òfin kan wà tí kò sí ẹgbẹ́ tó ń bá a jà. Bí fáànù bá sá ìlọ́po méjì eré tó ń sá tẹ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń tì jáde á di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n agbára tó ń fà á di ìlọ́po mẹ́jọ. Bí a bá sì dín eré rẹ̀ kù sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́jọ agbára àtẹ̀yìnwá ló máa nílò. Nítorí náà, fáànù tó ń fẹ́ jẹ́jẹ́ kò jẹ iná rárá bí èyí tó ń fẹ́ kíkankíkan.

Kí a lè fi òṣùwọ̀n kan náà wọn gbogbo ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí a mú fáànù kan tó ń fa áńpíà 20 nígbà tó bá ń lo fóòtì 12 láìsí ìdíwọ́. Wáàtì 240 nìyẹn, iye tí kò jìnnà sí ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú pópó. Bí a bá fún fáànù yìí ní fóòtì 8, yóò fa nǹkan bí áńpíà 9. Bí a bá fún un ní fóòtì 4, yóò fa díẹ̀ lé ní áńpíà 2. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ kò ti fẹnu kò sí ni èyí: bí bátìrì bá gbé fóòtì 12 wá, tí fáànù kò nílò ju 8 tàbí 4 lọ, kí ni ká ṣe sí ìyókù?

Ẹgbẹ́ kìn-ín-ní: ẹ jó ìyókù dànù nínú rèsísítọ̀

Ìdáhùn tó pẹ́ jù, tó sì wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí bọ́tìnì wọn ní 1, 2, 3 àti 4, ni rèsísítọ̀. Wáyà kíká mélòó kan ni, tí ń dí iná lọ́nà. Bí awakọ̀ bá yí bọ́tìnì sí 1, iná á gba inú gbogbo wọn kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ fáànù. Ní 2 àti 3, yóò fo díẹ̀ nínú wọn. Ní 4, rílè á gbé iná lọ tààrà láìya ibì kankan. Nínú àpẹẹrẹ wa, rèsísítọ̀ tí kò tó ìdajì óòmù ló máa sọ fóòtì 12 di 8. Tí a bá fẹ́ kó di 4, a ó nílò èyí tó lé ní óòmù 3.

Ohun tó dára nínú rẹ̀ kò kéré. Kò gbówó lórí. Kò ní kọ̀ǹpútà, kò ní ìwé àṣírí, ẹnikẹ́ni tó bá ní mítà lè yẹ̀ ẹ́ wò. Àmì àìsàn rẹ̀ tún hàn gbangba: bí fáànù bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ní 1, 2 àti 3, ṣùgbọ́n tó ń fẹ́ ní 4, rèsísítọ̀ tàbí fíúsì ooru tó wà lára rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Rewáyà tó mọṣẹ́ á ti mọ èyí kó tó tú skúrúù kankan.

Àléébù rẹ̀ ni ooru. Nígbà tí fáànù wa bá ń lo fóòtì 8, nǹkan bíi wáàtì 36 ló ń di ooru lásán nínú wáyà kíká yẹn. Ìdí nìyí tí àwọn tó ṣe é fi gbé e sójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ fáànù, kí fáànù náà lè máa tù ú, tí wọ́n sì fi fíúsì ooru sí i kí ó má baà jó. Ojú pílọ́ọ̀gì ibi tí wáyà ti wọlé máa ń yọ́ bí kò bá mú iná dáadáa. Yàtọ̀ sí ooru, ìgbésẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ló wà. Kò sí ohun tó wà láàárín 2 àti 3, kọ̀ǹpútà kò sì lè lò ó láti dárí fáànù díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń sọ nípa rèsísítọ̀ tó yẹ kí a tún ṣe. Wọ́n ní bí fáànù bá ń fẹ́ jẹ́jẹ́ tàbí kíkankíkan, iye iná kan náà ló ń jẹ nítorí pé rèsísítọ̀ ń jó ìyókù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní fóòtì 4, fáànù àti rèsísítọ̀ lápapọ̀ kò gbà ju nǹkan bíi wáàtì 27 lọ lọ́wọ́ bátìrì, dípò 240. Òótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé nínú wáàtì 27 yẹn, ìdá méjì nínú mẹ́ta ló ṣòfò.

Ẹgbẹ́ kejì: ẹ fi tìrànsísítọ̀ rọ́pò rẹ̀

Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fẹ́ kí kọ̀ǹpútà gba bọ́tìnì lọ́wọ́ awakọ̀, ìgbésẹ̀ mẹ́rin kò tó wọn mọ́. Wọ́n mú tìrànsísítọ̀ alágbára, wọ́n gbé e sórí irin onílẹ́pẹlẹ́pẹ tó ń tú ooru ká, wọ́n sì fi í sójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ níbi tí rèsísítọ̀ máa ń wà. Kọ̀ǹpútà A.C. ń fi iná kékeré pàṣẹ fún un, òun náà sì ń ṣí díẹ̀ tàbí púpọ̀. Nissan àti Toyota wà lára àwọn tó lo irú èyí nínú ọkọ̀ tó ń darí A.C. fúnra rẹ̀.

Èrè rẹ̀ ni pé eré fáànù ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀ láìfò. Etí kò ní gbọ́ ariwo kankan tí tìrànsísítọ̀ náà fà, kò sì ní da rédíò inú ọkọ̀ láàmú. Awakọ̀ kò ní mọ ìgbà tí fáànù rọra yí padà.

Ṣùgbọ́n kò gba wáàtì kankan là lọ́wọ́ ìṣòfò. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí, nítorí wọ́n rò pé ohun tó jẹ́ ti ìgbàlódé gbọ́dọ̀ máa jẹ iná díẹ̀. Fóòtì tí fáànù kò lò ní láti sọnù síbì kan, ì báà jẹ́ nínú wáyà kíká tàbí nínú tìrànsísítọ̀. Wáàtì 36 tó jó nínú rèsísítọ̀ ní fóòtì 8 náà ló máa jó nínú tìrànsísítọ̀. Bí a bá sì ṣírò rẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ gan-an, nígbà tí fáànù ń gba ìdá méjì nínú mẹ́ta fóòtì, ni ooru rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìyẹn ni pé eré àárín, tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ fẹ́ràn, ló ń dán an wò jù.

Àìsàn rẹ̀ náà yàtọ̀. Bí tìrànsísítọ̀ bá bàjẹ́ tó sì lẹ̀ pọ̀ nínú, fáànù á máa fẹ́ kíkankíkan níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà nínú ọkọ̀, ohun yòówù kí awakọ̀ tẹ̀. Bí ó bá já, fáànù kò ní fẹ́ rárá. Oníṣẹ́ tó ti mọ́ra pẹ̀lú rèsísítọ̀ lè ṣi àmì yìí kà, kó sì lọ dá bọ́tìnì tàbí kọ̀ǹpútà lẹ́bi.

Ẹgbẹ́ kẹta: ẹ máa tan iná náà, kí ẹ sì máa pa á

Ẹgbẹ́ kẹta sọ pé kí a má ṣe jó ìyókù rárá. Kí a má gbà á lọ́wọ́ bátìrì ni. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní PWM nìyí. Dípò kí tìrànsísítọ̀ ṣí díẹ̀, ó ń ṣí pátápátá, ó sì ń tì pátápátá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá wà ní ṣíṣí fún ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò, fáànù á ṣe bí ẹni pé fóòtì 4 ló wà níwájú rẹ̀. Nígbà tó bá ti tì, iná kò kọjá. Nígbà tó bá ṣí pátápátá, ìdíwọ́ inú rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ooru rẹ̀ kò fi ju wáàtì díẹ̀ lọ.

Nípa ìṣòfò iná, kò sí àríyànjiyàn mọ́ láàárín ẹgbẹ́ yìí àti àwọn méjì àkọ́kọ́. Fáànù tó ń gba wáàtì 27 ní eré jẹ́jẹ́ lọ́dọ̀ wọn lè má gbà tó ìdajì rẹ̀ níhìn-ín. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ Toyota tí a ṣe lẹ́yìn ọdún 2000, irú adarí báyìí wà lára ẹ̀rọ fáànù gan-an, kọ̀ǹpútà A.C. sì ń fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ránṣẹ́ sí i.

Àléébù mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀. Èkíní ni ariwo: bí iye ìgbà tó ń ṣí tó sì ń tì bá bọ́ sáàárín ohun tí etí ènìyàn lè gbọ́, fáànù á máa súfèé tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan gbé e lọ sí ìgbà 20,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan láti sá fún èyí, àmọ́ bí ó bá ti ń ṣí tó sì ń tì tó bẹ́ẹ̀, ooru inú tìrànsísítọ̀ náà ń pọ̀ sí i. Èkejì ni pé iná tó ń já tó sì ń so lójijì ń da rédíò AM láàmú, àfi kí a fi ẹ̀yà asẹ́-iná sí i. Ẹ̀kẹta ni àyẹ̀wò: mítà lásán kàn ń fi ìpíndọ́gba han rewáyà, kò lè fi bí àṣẹ náà ṣe ń ṣí tó sì ń tì hàn án. Ó nílò ẹ̀rọ oscilloscope, èyí tí kì í wọ́pọ̀ ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ títì.

Ẹgbẹ́ kẹrin: ẹ yí ẹ̀rọ fáànù náà padà

Ẹgbẹ́ ìkẹyìn gbà pé ẹ̀rọ oníkábọ̀nù fúnra rẹ̀ ló ti di ẹrù. Kábọ̀nù ń jẹ tán, ó ń dá eruku dúdú sílẹ̀, ó sì ń tàn yẹ́rẹ́yẹ́rẹ́. Nínú ẹ̀rọ aláìní-kábọ̀nù, òòfà ló ń yí, wáyà kíká dúró sójú kan, ẹ̀rọ kékeré tó wà nínú rẹ̀ ló sì ń pín iná sí ọ̀nà mẹ́ta ní àkókò tó yẹ. Ó mọ eré tó ń sá ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ó sì lè tún ara rẹ̀ ṣe. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sábà máa ń bá a sọ̀rọ̀ lórí wáyà kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní LIN, tó lè gbé ìsọfúnni tó tó bíìtì 20,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kọ̀ǹpútà lè pàṣẹ, fáànù náà sì lè dáhùn pé òun ti gbóná jù tàbí pé nǹkan há mọ́ òun lẹ́nu.

Ọkọ̀ oníbátìrì ló gbé ẹgbẹ́ yìí ga jù, nítorí wáàtì tí fáànù bá jẹ ń dín ìrìn-àjò ọkọ̀ kù. Ẹ̀rọ náà dákẹ́, ó ń pẹ́ láyé, ó sì ń lo iná dáadáa.

Ní ti owó àti àtúnṣe, ó le. Ẹ̀rọ ìdarí wà nínú fáànù gan-an, nítorí náà bí ẹ̀yà kékeré kan bá bàjẹ́, odindi ni a ó rà. Èyí tí a rà lọ́wọ́ àwọn oníbẹ́líjọ̀ọ̀mù, àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ àlòkù, lè bá ihò skúrúù mu kó má sì gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà. Láìsí ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀, oníṣẹ́ ń fi ọwọ́ tá a nínú òkùnkùn.

Ta ló yẹ kó pinnu eré náà?

Àwọn ẹgbẹ́ mẹ́rin tí a ti rí ń sọ bí a ṣe ń mú àṣẹ ṣẹ. Ìbéèrè kejì ni ẹni tó ń pàṣẹ, èrò mẹ́ta ló sì wà lórí rẹ̀.

Èrò àkọ́kọ́ ni pé kí awakọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ pinnu. Òun ló mọ̀ bóyá ara ń gbóná tàbí ó ń tutù. Kò sí sẹ́ńsọ̀ tó lè bàjẹ́. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ó ń gba ojú àti ọwọ́ kúrò lójú ọ̀nà, awakọ̀ púpọ̀ sì máa ń fi fáànù sílẹ̀ ní ibi tó ga jù fún gbogbo ìrìn-àjò.

Èrò kejì ni ti ìṣirò. Cadillac gbé A.C. tó ń darí ara rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1964. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń tẹ̀ lé títí di òní ni pé kọ̀ǹpútà ń kó ohun mẹ́rin jọ: ìwọ̀n tí awakọ̀ fẹ́, ooru inú ọkọ̀, ooru ìta, àti bí oòrùn ṣe ń tàn sórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Láti inú wọn ló ti ń ṣírò bó ṣe yẹ kí afẹ́fẹ́ tó ń jáde tutù tàbí gbóná tó. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ tutù gan-an tàbí kó gbóná gan-an, fáànù á fẹ́ kíkankíkan. Bí ó bá wà láàárín, fáànù á fẹ́ jẹ́jẹ́. Kọ̀ǹpútà tún ń ṣọ́ kọ́ìlì tútù, nítorí pé bí afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ bá kéré jù, omi ara rẹ̀ lè di yìnyín, kó sì dí ọ̀nà. Bí kọ́ìlì náà bá súnmọ́ ìwọ̀n òdo, kọ̀ǹpútà á dá kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó ń mú un tutù dúró díẹ̀.

Agbára èrò yìí ni pé ó yára, ó sì ṣeé yẹ̀ wò lórí ìwé. Àìlera rẹ̀ ni pé bí sẹ́ńsọ̀ bá purọ́, fáànù á gba irọ́ náà gbọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, sẹ́ńsọ̀ inú ń fa afẹ́fẹ́ díẹ̀ gba ihò tóóró kan lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí eruku pupa ojú ọ̀nà tàbí ti ọyẹ́ bá dí ihò yẹn, kọ̀ǹpútà á máa ka ooru tí kì í ṣe ti inú ọkọ̀, fáànù á sì máa yí padà láìnídìí. Kì í ṣe fáànù ló ń ṣàìsàn nígbà náà, síbẹ̀ òun ni wọ́n sábà máa ń tú.

Èrò kẹta ní kí a kúrò lórí ooru nìkan, ká wo bí ara ènìyàn ṣe ń rí i. Ní 1965 ni Lotfi Zadeh gbé ìmọ̀ kan jáde tó jẹ́ kí ẹ̀rọ lè fi ọ̀rọ̀ bíi “ó gbóná díẹ̀” tàbí “ó tutù púpọ̀” ṣe ìpinnu. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti lò ó fún A.C. ọkọ̀. Ní 1970, ọmọ ilẹ̀ Denmark, P. O. Fanger, ka ohun mẹ́fà tó ń sọ bóyá ara yóò rọ ènìyàn: ooru afẹ́fẹ́, ooru tó ń ta láti ara ohun tó yí i ká, eré afẹ́fẹ́, ọ̀rinrin, aṣọ tó wọ̀, àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹni tó wọ agbádá aṣọ òkè lọ síbi ìyàwó ní Oǹdó àti ẹni tó wọ bùbá lásán nínú ọkọ̀ kan náà kò nílò fáànù kan náà, ìṣirò Fanger sì mọ èyí. Ọ̀rinrin náà ṣe kókó níhìn-ín, nítorí fáànù tó rọra ń fẹ́ ń fún kọ́ìlì láyè láti gba omi púpọ̀ sí i lára afẹ́fẹ́ kọ̀ọ̀kan tó kọjá. Ohun tí àwọn alátakò ń tọ́ka sí ni pé inú ilé tí ojú ọjọ́ rẹ̀ dúró sójú kan ni ìṣirò náà ti wá, bẹ́ẹ̀ inú ọkọ̀ ń yí padà ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, oòrùn sì lè máa jó ẹnì kan kó má kan ẹni kejì.

Àríyànjiyàn àwọn oníṣẹ́: kí ló ń jó rèsísítọ̀?

Àwọn kan ní asẹ́ afẹ́fẹ́ ni: ó kún fún eruku, fáànù ń ṣe làálàá, ó sì jó rèsísítọ̀. Àwọn mìíràn ní ẹ̀rọ fáànù tó ti gbó ni. Àwọn kan tún ní pílọ́ọ̀gì tí kò mú dáadáa ni.

Gbogbo wọn ní ìdí, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń jó o yàtọ̀. Nínú irú fáànù tí A.C. ọkọ̀ ń lò, bí ọ̀nà afẹ́fẹ́ bá dí, iná tó ń fà sábà máa ń dínkù ni, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń tì kò pọ̀ mọ́. Asẹ́ dídọ̀tí kò mú kí fáànù fa áńpíà púpọ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dín afẹ́fẹ́ tó yẹ kó máa tu rèsísítọ̀ kù. Ẹ̀rọ tí bẹ́ríǹgì rẹ̀ ti ń há ní tirẹ̀ ń fa áńpíà ju bó ṣe yẹ lọ, ooru rèsísítọ̀ sì ń ga bí iná náà ṣe ń ga. Pílọ́ọ̀gì tó tú ń dá ooru sílẹ̀ ní ojú ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí rèsísítọ̀ tuntun fi ń jó láàárín oṣù díẹ̀ tí a bá pààrọ̀ rẹ̀ nìkan. Ohun tó lè yanjú àríyànjiyàn náà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí a wọn áńpíà ní eré tó ga jù. Bí ó bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀rọ ni kí a wò. Bí kò bá pọ̀, asẹ́ àti pílọ́ọ̀gì ni.

Lórí ohun tí a ó fi rọ́pò, ọ̀nà pọ̀. Tuntun láti ilé-iṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n ó gbówó lórí. Bẹ́líjọ̀ọ̀mù rọwọ́ mú, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ iye ọdún tó kù lára rẹ̀. Àfarawé olówó pọ́ọ́kú lè má ní fíúsì ooru tó péye. Ọ̀nà kan wà tí kò ní àwíjàre: kí a fi wáyà gbá fíúsì kọjá tàbí kí a fi fíúsì tó tóbi rọ́pò kékeré. Ọkọ̀ lè gbiná nítorí rẹ̀.

Bẹ́ntiróòlù náà ti wọ ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà tí ìrànwọ́ orí epo ti kúrò ní May 2023. Wáàtì 240 tí fáànù ń fà ní eré tó ga jù kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, tó lè fa kìlówáàtì mélòó kan nínú oòrùn. Dídín fáànù kù nìkan kò lè gba epo púpọ̀ là. Dídín iṣẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kù ló lè ṣe é.

Ohun tí kò tíì yanjú

Bí a bá fi ìṣòfò iná nìkan dájọ́, ẹgbẹ́ kẹta àti ẹ̀kẹrin ló borí. Bí a bá fi ìrọ̀rùn eré dájọ́, ẹgbẹ́ kejì, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin jọ borí. Bí a bá fi àtúnṣe ní ìlú tí ọkọ̀ tòkúnbọ̀ ti pọ̀ dájọ́, rèsísítọ̀ ṣì wà níwájú. Iye tó yẹ kí òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan wọ̀n ni àwọn ẹgbẹ́ kò tíì fẹnu kò lé.

Ìbéèrè mẹ́ta ṣì wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́, bí ẹ̀rọ aláìní-kábọ̀nù bá ti lo ọdún mẹ́wàá ní ilẹ̀ olótùútù, ṣé ẹ̀yà inú rẹ̀ yóò fara da eruku, ooru àti ọ̀rinrin Ìpínlẹ̀ Oǹdó fún ọdún mẹ́wàá mìíràn? Èkejì, ìṣirò tó ń pàṣẹ fún fáànù: ṣé ó yẹ kí ọ̀rinrin ní àyè tó tóbi nínú rẹ̀ fún àwọn ìlú bíi tiwa? Ẹ̀kẹta, ta ló máa kọ́ rewáyà ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ títì ní ìmọ̀ PWM àti LIN kí àwọn ọkọ̀ náà tó gba gbogbo ọ̀nà?

Ìbéèrè kẹta yìí kò nílò àṣẹ láti òkè òkun. Elizade University wà ní Ìlárá-Mọ̀kín, FUTA wà ní Àkúrẹ́, àwọn ìsọ̀ oníṣẹ́ wà láàárín wọn. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jókòó, tí wọ́n wọn áńpíà, ooru àti ọjọ́ orí fáànù nínú ọkọ̀ tó ń rìn lójú ọ̀nà tiwa, ìdáhùn tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ kò lè fún wa yóò jáde. Títí di ìgbà náà, ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ máa nu asẹ́ afẹ́fẹ́ yín kí ọyẹ́ tó dé àti lẹ́yìn tó bá lọ, ẹ sọ fún oníṣẹ́ yín pé kó wọn áńpíà kó tó pààrọ̀ rèsísítọ̀, ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi wáyà gbá fíúsì kọjá nínú ọkọ̀ yín.